Irọ́ Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Tí Mo Pa fún Ìyá Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ní ìmọ̀ kan tí àwọn ará ilé yín kò ní, tí wọ́n sì ń gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ nítorí rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé n kò ní fi ẹyọ kan pamọ́.

Iṣẹ́ mi ni láti wọn ìtànṣán tó ń jáde láti inú fóònù.

Ní yàrá ìdánwò wa, orí kan wà tí a fi ike ṣe. Inú rẹ̀ ṣófo, a sì ń rọ omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ sínú rẹ̀, kí ó lè gba ìgbì rédíò sára bí ẹran ara ènìyàn ṣe ń gbà á. Baba Olómi ni à ń pè é. A ó gbé fóònù lé e létí, ọ̀pá tín-ín-rín kan yóò sì máa rìn kiri nínú omi náà, yóò máa sọ iye agbára tó wọlé. Bí iye náà bá ju ààlà lọ, fóònù náà kò ní dé ọjà. Bí kò bá jù ú lọ, èmi ni mo ń fọwọ́ síwèé pé ó yẹ.

Ẹ rí i pé òótọ́ ni mo fi ń jẹun.

Ìyá ìyàwó mi wá gbé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kàwé, kò gbọdọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Fóònù nìkan ni dókítà kò kà léèwọ̀ fún un.

Ẹnìkan ṣoṣo ni Màmá sì ń pè: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa mọ̀ sí Màmá Àgbà. Màmá Àgbà fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, ó ń dá gbé, kò sì lè rìn kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìpè yẹn ni gbogbo òde tó kù fún un. Mo mọ èyí dájú kí n tó ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ dè mí.

Etí kan ṣoṣo ni Màmá Àgbà fi ń gbọ́ràn, nítorí náà igbe ló máa ń ké. Nítorí pé igbe ló ń ké, Màmá a gbé fóònù sórí tábìlì, a sì fi í sí sípíkà. Orí tábìlì yẹn kan náà ni mo ti ń kọ àbájáde ìdánwò ní ọjọ́ tí mo bá ń ṣiṣẹ́ nílé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń yanjú àdììtú nọ́ńbà mi ní òwúrọ̀ Sátidé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀bi télọ̀ ni!”

“Ta ló ní kì í ṣe ẹ̀bi télọ̀? Mo ní tìrẹ náà wà níbẹ̀! Ta ló ní kí o gbé aṣọ fún un láì jẹ́ kó wọn ara rẹ?”

“Ó wọ̀n mí!”

“Ó fojú wọ̀n ọ́!”

Télọ̀ náà ti kú, ẹ̀yin òǹkàwé. Aṣọ náà ti di ìnulẹ̀. Ẹjọ́ ṣì ń lọ.

N kò lè sọ fún ìyá ìyàwó mi pé kó rọra. Ẹnu wo ni n bá fi sọ ọ́? Obìnrin tó bí ìyàwó mi, tó ń pè mí ní “Ẹnjiníà mi” níṣojú àlejò! Mo gbé ìwé mi lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pálọ̀. Ohùn Màmá Àgbà tẹ̀ lé mi débẹ̀. Mo fi òwú dí etí. Ó gba inú òwú kọjá.

Ní Sátidé kan, ó ku àpótí kan kí n parí àdììtú tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá Àgbà pe ẹlẹ́rìí tuntun nínú ẹjọ́ télọ̀. Nọ́ńbà fò lọ lórí mi bí ẹyẹ.

Nígbà tí wọ́n parí ìpè, Màmá fọwọ́ kan fóònù náà.

“Ẹnjiníà mi, ó gbóná o. Ṣé kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan?”

Ìdáhùn tó tọ́ rọrùn. Bátìrì ló gbóná, nítorí pé ó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Ní ti ìgbì rédíò, bí fóònù bá ṣe jìnnà sí ara tó ni ohun tó ń wọ ara ṣe ń dín kù, ó sì ń dín kù kíákíá. Fóònù lórí tábìlì, Màmá lórí àga: kò sí ẹni tó ń lo fóònù dáadáa tó Màmá ní gbogbo àdúgbò wa.

Ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi lọ sórí nọ́ńbà kan.

Nínú ìlànà tí à ń tẹ̀lé, a kì í ka agbára tó wọ ara ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A máa ń ṣe ìpíndọ́gba rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọ̀nà ìṣírò lásán ni. Kò sí ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú keje.

Mo gbé ojú sókè, mo sì ní, “Màmá, ìṣẹ́jú mẹ́fà la fi ń ṣírò rẹ̀ níbi iṣẹ́ wa.”

“Bó bá wá kọjá mẹ́fà ńkọ́?”

“Màmá, èmi ò ní fẹ́ kí ìyá tèmi kọjá mẹ́fà.”

Ẹ tún gbólóhùn méjèèjì yẹ̀ wò. Adájọ́ kankan kò lè tọ́ka sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Bí mo ṣe tò wọ́n tira ni irọ́ náà wà. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i, bí inú ẹni tó rí nọ́ńbà tó ń wá.

Láti ọjọ́ náà, Màmá gbé aago ilé ìdáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó ń yí i sí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí aago bá ti dún: “Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó!” Ó ti pa á.

Ilé dákẹ́. Mo gbọ́ ohùn fíríìjì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo parí àdììtú mẹ́ta láì dìde.

Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà kì í ṣe ẹni tí a ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

“Ìwọ àbúrò mi, o lé mi ni? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ohun tí ìyàwó télọ̀ sọ!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìtànṣán ni. Ẹnjiníà ló sọ ọ́.”

“Ẹnjiníà wo? Ìtànṣán wo? Láti ìgbà tí mo ti ń lo fóònù, ẹsẹ̀ mi ló ṣẹ́, orí mi ò ṣẹ́!”

Màmá wá bá mi níbi tí mo jókòó sí.

“Ẹnjiníà mi, ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Bá mi fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sí i. Yóò gbà á lẹ́nu ìwọ.”

Mo lè jáwọ́ níbẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó mú mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n mo gba fóònù, mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, mo sì fi ohùn ìpàdé sọ̀rọ̀:

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá Àgbà. Èmi Ẹnjiníà ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, ìtànṣán máa ń wọ párì, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa jẹ́ kí Màmá tètè pa á.”

Párì! Níbo ni mo ti rí párì? Baba Olómi kò ní párì tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá ti jókòó tán, ó máa ń béèrè àga sí i.

Màmá Àgbà kò fèsì. Ọjọ́ kejì, Màmá pè é, kò gbé e. Ọjọ́ kẹta, ó gbé e.

“N kò fẹ́ jẹ nínú ìṣẹ́jú rẹ,” ó ní. “Lọ tọ́jú párì rẹ.”

Ó pa á. Kò gbé ìpè kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Mo máa ń rí Màmá ní ọ̀sán, lórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, tó fi fóònù sórí itan. Kò pe ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì pè é. Ìyàwó mi béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Kí ló dé tí Màmá àti Màmá Àgbà ò sọ̀rọ̀ mọ́? Wọn ò bá ara wọn yodì rí láti kékeré wọn.”

“Ọ̀rọ̀ àgbà ni,” ni mo fèsì, mo sì yí ojú sí àdììtú mi.

Ẹ̀rí-ọkàn ń gún mi. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà dùn, mo sì ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni n ó sọ òótọ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mo ń wọn ẹ̀rọ gbogbo ayé, n kò wọn ara mi.

Nígbà tí dókítà dá ojú Màmá sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Àpò kékeré ló ń rán, ó fi bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ tẹ́ ẹ nínú, ó sì fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní gbangba kí ojú fóònù lè hàn.

“Bí ìtànṣán bá fẹ́ jáde,” ó ní, “yóò bá ògiri pàdé.”

Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí àpò náà yóò ṣe. Fóònù tí a bò lójú kì í panu mọ́. Bí kò bá gbọ́ nẹ́tíwọọ̀kì dáadáa, ńṣe ló ń fi agbára kún agbára kí wọ́n lè gbọ́ òun. Ẹni tí a fọwọ́ bò lẹ́nu, tó ń wá olùgbàlà, igbe ni yóò ké. Ẹgbẹ́ tí àpò náà kò bò sì ni ẹgbẹ́ tí ènìyàn ń gbé sétí.

Mo mọ gbogbo èyí, mo sì ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá.”

Ó rán fún ìyàwó mi. Ó rán fún àwọn ará ilé kejì. Ó rán fún onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkángun òpópónà wa. Ọjọ́ tí mo lọ gẹ irùngbọ̀n, onígbàjámọ̀ náà gbé àpò tirẹ̀ hàn mí tìdùnnú-tìdùnnú.

“Ẹnjiníà, ẹ ṣeun o! Láti ìgbà tí mo ti ń lo àpò Màmá, bátìrì mi kì í kọjá ọ̀sán. Ìtànṣán yẹn ló ń jà láti jáde, àbí?”

Abẹ wà lọ́rùn mi lákòókò náà. Mo ní, “Hùn-ún.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ pé oṣù méjì.

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí a mú ìdílé wa wá wo yàrá ìdánwò, kí wọ́n lè mọ ohun tí a ń ṣe. Ìyàwó mi wá. Màmá wá, ó wọ bàtà tuntun, ó fi fóònù inú àpò fàdákà rọ̀ sọ́rùn. Ó ń kí gbogbo ènìyàn: “Èmi ni ìyá Ẹnjiníà o!” Kò tilẹ̀ ní ìyá ìyàwó.

Ọ̀gá gbé fóònù kan lé Baba Olómi létí, ọ̀pá ìwọ̀n rìn nínú omi, iye jáde lójú ẹ̀rọ.

“Ẹ rí i pé ó wà lábẹ́ ààlà,” Ọ̀gá sọ. “Bí ẹ bá tún fẹ́ dín in kù, ẹ fi sípíkà tàbí okùn tí à ń fi sétí sọ̀rọ̀, kí fóònù jìnnà sí ara. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ pẹ́ níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì kò ti dára. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ọwọ́ Màmá gòkè.

“Ọ̀gá, ẹ kú ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé ti ìṣẹ́jú mẹ́fà.”

“Ìṣẹ́jú mẹ́fà wo, Màmá?”

“Èyí tí ìtànṣán fi ń wọ párì.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín.

“Màmá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

Màmá yíjú sí mi, gbogbo eyín rẹ̀ síta, bí ìyá tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀bùn. “Òun rèé! Ẹnjiníà yín ni!”

Gbogbo ojú wá sára mi. Ẹ̀yin òǹkàwé, irọ́ àkọ́kọ́, mo lè sọ pé ariwo ló fà á. Èyí tí mo pa níbẹ̀ yẹn kò ní àwáwí kankan.

“Ọ̀gá, ó jọ pé Màmá ṣì mí gbọ́ ni. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ orí…”

N kò parí rẹ̀. Mo rí ojú Màmá. Ẹ̀rín náà kò kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń kúrò ní díẹ̀díẹ̀, bí iná tí epo tán nínú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó wo bàtà tuntun rẹ̀. Ó wá bọ́ fóònù kúrò lọ́rùn, ó nà án sí ìyàwó mi.

“Ọmọ mi, bá mi wá ohùn ọkọ rẹ. Ó wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi.”

Ìyàwó mi wá a. Kò pẹ́ tó fi rí i. Sípíkà ni wọ́n sì fi í sí.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá Àgbà. Èmi Ẹnjiníà ni…”

Ohùn ìpàdé mi kún gbogbo yàrá náà. Nígbà tó dé “párì,” ẹnìkan lẹ́yìn ní, “Yéè!”

Ọ̀gá kò bá mi wí. Ó kàn gba fóònù Màmá pẹ̀lú àpò rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n,” ó ní. Ó pe ìpè kan, ó gbé e lé Baba Olómi létí láìsí àpò, ó ka iye rẹ̀ sókè. Ó fi àpò sí i. Iye náà gòkè, gbogbo wa ń wò ó bó ṣe ń gòkè.

“Ó ṣì wà lábẹ́ ààlà,” Ọ̀gá sọ fún Màmá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ṣùgbọ́n ó dára jù kí ẹ tó wọ̀ ọ́ láṣọ. Ẹni tó mọ̀ yẹ kó ti sọ fún yín.”

Kò wò mí. Ìgbà tó ku àwa méjì nìkan ló tó sọ̀rọ̀.

“Fún ìgbà díẹ̀, má fọwọ́ sí ìwé kankan. Bí o bá lè fi òótọ́ méjì kọ́ irọ́ kan, n kò mọ ohun tí mò ń kà mọ́ bí mo bá rí orúkọ rẹ nísàlẹ̀ ìwé.”

Mo wa ọkọ̀ títí a fi jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi.

“Ariwo wa ló ń dà ọ́ láàmú?” Màmá béèrè láti ẹ̀yìn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“O ò lè sọ?”

“Ojú ló ń tì mí.”

“Ojú ń tì ọ́ láti sọ òótọ́. Ojú ò tì ọ́ láti parọ́. Ìwọ sì ni ọ̀mọ̀wé.”

Ìyàwó mi ní, “Àti láti sọ pé Màmá ti darúgbó. Ẹ ò tíì dáhùn ìyẹn.”

Mo yí ọkọ̀ padà, mo sì gba ọ̀nà ilé Màmá Àgbà, nítorí mo mọ̀ pé kò ní gbé ìpè wa.

Ẹnu ọ̀nà la bá a, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó gbé ọ̀pá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó yíjú kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ kí n tó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àdììtú dé orí párì, n kò yọ ọjọ́ orí tí mo dá lé Màmá lórí sílẹ̀.

“Ìwọ lo ni ohùn yẹn?” Màmá Àgbà bi mí. “Mo ti gbọ́ ọ títí. Bí inú bá ti fẹ́ rọ̀ mí, mo máa ń tún un gbọ́ ni.”

Ó wá kọjú sí àbúrò rẹ̀. “Ìwọ náà! Ẹnìkan sọ pé kí o máa ka ìṣẹ́jú fún mi, o sì ń kà á!”

Màmá bú sẹ́kún. “Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe tèmi ni mò ń rò. Fóònù tèmi wà lórí tábìlì. Etí ni ẹ ń gbé tiyín sí. Ẹ sì mọ̀ pé ẹyọ kan ló kù fún yín. Mo ní kí ìyẹn náà má lọ tán.”

Mo ti rò pé ẹ̀rù ara rẹ̀ ni mo fi dá a dúró. Àṣé ìfẹ́ tó ní sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo fi dá a dúró.

Màmá Àgbà fi etí aṣọ nu ojú, ó nu ti àbúrò rẹ̀ náà.

“N kò gbé fóònù mọ́,” ó ní. “Ohun tó lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, n kò ní fi etí kan tó kù fún mi sí i. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ojúkorojú ni. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.”

Ìyàwó mi wò mí. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè fi ojú lásán béèrè fún yàrá, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

“Màmá Àgbà,” mo ní, “yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn pálọ̀ wa.”

“Ó ní fèrèsé?”

“Ó ní.”

“Ẹ bá mi gbé àpótí aṣọ mi. Ó ti wà ní dídì láti ọjọ́ tí mo ti ń bínú.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń gba àpò fàdákà padà, mo ń ṣàlàyé ohun tí Ọ̀gá ṣàlàyé. Màmá ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, bí mo bá fẹ́ fo ibi tí mo ti parọ́, a wúkọ́. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àga oníbàárà.

Màmá Àgbà ti ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí. Orí tábìlì pálọ̀ ni àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí láti àárọ̀, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìkángun kan sí ìkejì, igbe sì ni wọ́n ń ké nítorí etí kan ṣoṣo yẹn. Fóònù méjèèjì wà ní pípa nínú dúrọ́ọ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré kan wálé láti ibi iṣẹ́, mo sì wọn ìgbì rédíò inú pálọ̀ wa. Kò lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ka iye náà sókè fún ìyàwó mi, ṣùgbọ́n èmi gan-an tí mo kà á, n kò gbọ́ ohùn ara mi.